Bọ́ọ̀lù Ń Yí Sí Gọ́tà ní Bẹyẹrúnkà: Ọ̀nà Wo Ni Ọmọbìnrin Ìbàdàn Fẹ́ Gbà Dé Pápá Yunifásítì?

Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù kí àlejò lọ wo Ìbàdàn àtijọ́ láti orí òkè Mápó. Ẹni tó bá lọ láàárọ̀, ariwo mọ́tò àti ti àwọn tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ni yóò gbọ́ bọ̀. Kó dé ibẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, nígbà tí oòrùn ti ń dẹwọ́, tí àwọn ọmọléèwé ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀. Kó gun àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ńlá tí ìjọba amúnisìn ṣí ní 1929, kó fẹ̀yìn ti ọ̀kan nínú àwọn òpó ràbàtà iwájú rẹ̀, kó wá wo ìsàlẹ̀. Páànù ni ojú rẹ̀ yóò máa rí, páànù tó ti dípẹtà títí tó fi pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, tí orùlé kan ń ti orùlé kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó wá fojú wá ibi tó tẹ́jú, tí kò sí ilé, tí kò sí ìsọ̀, tí ọmọ 22 lè dúró sí kí wọ́n pín ara wọn sí méjì. Ojú á ro ó!

Síbẹ̀, igbe "Gòóòlù!" kì í wọ́n nísàlẹ̀ ọ̀hún. Bó ṣe ń dún lọ́nà Bẹẹrẹ ló ń dún nídìí Ọjà'ba. Ìbàdàn kúkú nìyẹn. Ìlú tó ń kígbe "Up Sooting!" ni, kò sì sí olùkọ́ náà tó lè rọ̀ wọ́n kí wọ́n pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì ń jẹ́ IICC Shooting Stars, tí wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní 1976, tí wọ́n sì gbé ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà wálé, àwọn bàbá tó fojú ara wọn rí i ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àlejò náà sọ̀kalẹ̀ láti Mápó, kó lọ wo àwọn tó ń kígbe gòólù wọ̀nyí, ọmọkùnrin ni yóò bá níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà wà níbẹ̀ o! Etí ibẹ̀ ni yóò bá a, àbúrò lẹ́yìn, tàbí igbá lórí.

Bẹẹrẹ ò ṣeé dúró pẹ́ sí. Àwọn onímáíkírà ń pe èrò, ọlọ́kadà ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì dúró láti ronú ní ìyípo ọ̀hún, mọ́tò á lé e kúrò. Kí àlejò kọjá sí Ọjà'ba ni.

Ọjà Ìbà lorúkọ ọjà yìí gan-an, Ìbà Olúyọ̀lé ni wọ́n sì fi sọrí. Mọ́sáláṣí gbogboogbò Ìbàdàn wà níbẹ̀, ìtàn ìlú wà níbẹ̀, oúnjẹ alẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà níbẹ̀. Nídìí èlùbọ́ àti ata yìí ni ìdí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù obìnrin wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí bọ́ọ̀lù kankan lórí àtẹ. Ẹ wo agogo. Láti agogo mẹ́rin sí agogo mẹ́fà àbọ̀ ni ọmọdé fi ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti agogo mẹ́rin sí àárín alẹ́ náà ni ọjà ń gbóná, nígbà tí àwọn tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń ra ohun ọbẹ̀. Wákàtí kan náà ni bọ́ọ̀lù àti ọjà jọ ń jà lé lórí. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọkùnrin tó bá ti jẹun ọ̀sán, tó ti fọ àwo rẹ̀ (bó bá tilẹ̀ fọ̀ ọ́), ó di ọmọ ara rẹ̀ nìyẹn títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Wákàtí ti ọmọbìnrin, ti ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Yóò gbé ẹrù jáde, yóò wọn èlùbọ́, yóò lọ ṣẹ́ owó wá, yóò tọ́jú èyí tó ń ké lẹ́yìn. Nígbà tó bá fi palẹ̀ mọ́, bọ́ọ̀lù ti sùn.

Ẹ bi ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ níbẹ̀ bóyá yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kò ní í bínú. Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ èyí tí gbogbo ìyá ń sọ: "Ta ló máa bá mi dúró ti ọjà? Ṣé bọ́ọ̀lù ló máa ra ìwé fún un, àbí bọ́ọ̀lù ló máa san owó ilé ìwé?"

Ẹ fi ìbéèrè yẹn sí àpò ná. Kí àlejò kọ́kọ́ dé Bẹyẹrúnkà.

Bẹyẹrúnkà ni kó ti wo eré dáadáa. Ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, ọ̀nà tóóró láàárín. Bí ènìyàn méjì bá pàdé, tí ọ̀kan sì ru ẹrù, ọ̀kan ní láti yà fún èkejì. Agbo ilé tó ní ojúde gbàràmù láyé àtijọ́, ọmọ ti bí ọmọ, wọ́n ti pín in, wọ́n ti kọ́lé sí i, ojúde ti di yàrá. Ibi tó kù fún bọ́ọ̀lù ni àlàfo àárín ilé mẹ́ta kan, ó sì dagun. Òkúta méjì lókè, òkúta méjì nísàlẹ̀, gòólù nìyẹn. Ẹgbẹ́ tó mú òkè ń jayé, ẹgbẹ́ tó mú ìsàlẹ̀ ń mí hẹlẹ. Tó bá di ìdajì wọn a pààrọ̀, kí ìyà lè kárí. Ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ni rẹfirí. Bí wọ́n bá mú un bínú, á gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ há abíyá, eré ti parí. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, rọ́bà ni. Lọ́jọ́ tí kò bá sí rọ́bà, ọ̀rá tí wọ́n fún pọ̀ tí wọ́n fi okùn dì ni. Gọ́tà ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Omi dúdú ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ eré kọjá, gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá ti bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹni, inú ibẹ̀ ló ń yí lọ. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ni í sáré tẹ̀lé e, torí bí kò bá tètè mú un, ọ̀nà odò ló ń lọ yẹn. Ìbàdàn kò sì gbàgbé ohun tí odò lè ṣe. Òru 31 August 1980, nígbà tí Ògùnpa ya wọ ìlú, ọ̀pọ̀ ilé àti ẹ̀mí ló bá a lọ. Ibi tó tẹ́jú ní Ìbàdàn àtijọ́, etí omi ló sábà máa ń wà, ìyá tó bá sì mọ ìtàn yẹn kò ní í fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa ṣeré lọ síbẹ̀.

Ọmọbìnrin ọdún méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án máa ń wà nínú eré yìí. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Wọn a ní kó lọ dúró ní golí, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró ní golí lórí ilẹ̀ olókùúta. Òmíràn nínú wọn á ṣe bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní golí, á gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á gé ọmọkùnrin méjì kọjá, gbogbo àwọn tó jókòó lórí ìjókòó iwájú ilé á sì pariwo. Wọn a sọ ọ́ ní orúkọ. Wọn a máa pè é ní Odegbami, tàbí ní Okocha. Àwọn bàbá tó ń ta ayò á gbójú sókè, wọn á ní "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n gbá o!" Tó bá wá di ọdún 12 tàbí 13, tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ohùn kan náà tó ń yìn ín ni yóò yí padà. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ náà ò mọ̀ pé o ti dàgbà?" "Ẹsẹ̀ yánkan-yànkan wo lo fẹ́ fi wọlé ọkọ?" Ọmọ á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màámi, ó ku díẹ̀ kó parí." Ìyá á ní kó má parí o, kó wálé. Kò sí ẹni tó máa ń ṣe ìpàdé lé e lórí, kò sí òfin tí wọ́n kọ síbì kan. Ọjọ́ kan ṣáà ni yóò bọ́ sí etí pápá, tí yóò di ẹni tó ń gbé àbúrò pọ̀n, tó ń wo bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin ṣe ń tú ká ní Ìbàdàn nìyẹn, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ rárá.

Ìbéèrè ìyá elélùbọ́ wá ńkọ́? Ṣé bọ́ọ̀lù lè san owó ilé ìwé? Ó lè san án. Ó sì ń san án.

Ní 26 July 2025, ní ìlú Rabat ní Mòrókò, Super Falcons wa bá ara wọn lẹ́yìn pẹ̀lú òdo sí méjì níwájú àwọn onílé. Gbogbo ẹni tó ń wò ó ló ti sọ̀rètí nù. Nínú ìdajì kejì, Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, Folashade Ijamilusi dá èkejì padà, nígbà tó sì ku ìṣẹ́jú méjì kí 90 ìṣẹ́jú pé, Jennifer Echegini jẹ ẹ̀kẹta. Ife náà di ti Nàìjíríà fún ìgbà kẹwàá. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìyẹn, nínú ìdíje South Africa, Michelle Alozie ló gbá bọ́ọ̀lù láti òkèèrè tó lọ gúnlẹ̀ sínú àwọ̀n lẹ́yìn tí 90 ìṣẹ́jú ti kọjá. Gbogbo ìlú jó. Ní Mápó náà, wọ́n jó.

Ẹ wá wo ibi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti kọ́ bọ́ọ̀lù wọn. Okoronkwo, Lamar University ní Texas. Echegini, Florida State University. Alozie, Yale, níbi tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí, tó sì tibẹ̀ bọ́ sí iṣẹ́ ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan ní Texas, bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù náà lọ. Wọn kì í fowó ẹ̀kọ́ ta ọmọ lọ́rẹ torí bọ́ọ̀lù ní Yale o, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì mìíràn lọ́hùn-ún, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá, wọ́n lè san gbogbo owó ilé ìwé rẹ̀ tàbí ìdajì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun nìkan ló ń rí i. Mercy Akide tó di agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní 2001, ọmọ Port Harcourt ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e dé Milligan College ní Tennessee. Uchenna Kanu tó jẹ gòólù sáwọ̀n Ọsirélíà ní Ife Àgbáyé 2023, Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Southeastern University ní Florida ló ti gbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé tirẹ̀.

Àánú kọ́ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe. Òfin ló sọ ọ́ di dandan. Ní 1972 ni wọ́n ṣòfin tí wọ́n ń pè ní Title IX, pé ilé ìwé tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan du ẹnikẹ́ni nítorí pé obìnrin ni. Ìgbà tí òfin náà jáde, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kọ́ ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n yunifásítì tó ní ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré yẹn, tí kò sì ní eré kankan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún obìnrin, ó ní láti wá nǹkan ṣe. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ wọn mú. Ní 1982 ni ìdíje àpapọ̀ àwọn yunifásítì fún obìnrin bẹ̀rẹ̀, University of North Carolina ló gba ife àkọ́kọ́. Láti inú ìdíje yìí ni Amẹ́ríkà ti yọ àwọn ọmọ tó gba Ife Àgbáyé obìnrin àkọ́kọ́ ní Ṣáínà ní 1991. Nàìjíríà nìkan ló ṣojú Áfíríkà níbẹ̀. Jámánì jẹ wá ní mẹ́rin, Ítálì jẹ wá ní ọ̀kan, Ṣáínà jẹ wá ní méjì, àwa ò jẹ ẹyọ kan. Yàtọ̀ sí ẹsẹ̀, àwọn tó jẹ wá ní pápá, wọ́n ní ilé ìwé, wọ́n ní akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àwọn tiwa, ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ṣe é. Christopher Abisuga ló kó ọmọbìnrin jọ l'Ékòó ní 1978 tó pe ẹgbẹ́ náà ní Sugar Babes, tí àwọn ènìyàn sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọba Bọ́lá Jégédé náà ná owó rẹ̀ sí i. Ọwọ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó wà.

Ohun tó dun ni nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé Ìbàdàn ló yẹ kó ti ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é. Níhìn-ín ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, láti 1948. Níhìn-ín ni wọ́n ti ṣe eré ìdíje àwọn yunifásítì, NUGA àkọ́kọ́, ní 1966. Láti Bẹẹrẹ sí géètì UI, Máíkírà kan tàbí méjì ni. Bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn mọ bí wọ́n ṣe ń so ìwé mọ́ bọ́ọ̀lù, ó ti ṣe é rí! Ṣẹ́gun Odegbami, tí wọ́n ń pè ní Mathematical, Póòlì Ìbàdàn ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ, bó ṣe ń ṣe ìyẹn ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, kò sì sí ẹni tó ní kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó gba ife 1976 pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà, ó gba ti Nàìjíríà ní 1980, ó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọmọkùnrin ni, ọ̀nà là fún un. Lónìí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ló ń gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin jáde, èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní ibi tí àwọn ọmọ náà ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún 18 tó ti fi ọdún mẹ́fà ru igbá, wọ́n kò lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó gbogbo rẹ̀ bá a kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ yunifásítì, àárín ọ̀nà ni. Bẹyẹrúnkà ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé àṣà wa kò gbà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn òyìnbó tó gbé bọ́ọ̀lù wá gan-an ló kọ́kọ́ fi òfin dè é fún obìnrin. Lásìkò ogun àgbáyé kìíní, àwọn obìnrin iléeṣẹ́ Dick, Kerr ní Preston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ní 26 December 1920, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Goodison Park ní Liverpool, èrò 53,000 ló wò wọ́n. Ọdún kan kò tíì pé tí àjọ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún fi sọ ní December 1921 pé eré náà kò yẹ obìnrin, pé kí ẹgbẹ́ kankan má yá wọn ní pápá mọ́. Nǹkan bí 50 ọdún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn dè é láti 1955 sí 1970. Bùràsíl tí gbogbo ayé ń wárí fún nínú bọ́ọ̀lù, òfin ibẹ̀ dè é fún obìnrin láti 1941 títí di 1979. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi àṣà Yorùbá bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀, kó yẹ ẹrù rẹ̀ wò dáadáa. Ó lè jẹ́ pé àlòkù òyìnbó ló gbé lọ́wọ́. (Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà sílẹ̀ nínú èyí. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ obìnrin n'Ìbàdàn ló ń lọ jí i lójú oorun.)

Ti ẹ̀sìn yàtọ̀, ó sì ní láti jẹ́ ohun tí wọ́n á fi ọ̀wọ̀ sọ. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ìbàdàn àtijọ́, bàbá tí kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣí orí àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ níta kò ṣe ohun àjèjì. Ó yẹ kó mọ̀ pé láti 2014 ni òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti fàyè gba ìborí. Ní Ife Àgbáyé 2023, Nouhaila Benzina ti Mòrókò wọ hìjáàbù wọ pápá, ó sì wọ ṣòkòtò tó bo ẹsẹ̀ lábẹ́ péńpé rẹ̀. Kò ṣubú, kò sì dí i lọ́wọ́. Ọmọ tó ń ti ilé kéwú bọ̀ ní Ọjà'ba pẹ̀lú hìjáàbù rẹ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀.

Àbí ààyè ni kò sí? Mushin ní ààyè ni? Ta ló fẹ́ sọ pé Mushin fẹ̀ ju Bẹyẹrúnkà lọ! Rasheedat Ajibade tó jẹ́ balógun Falcons ní Rabat, tó sì gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú gbogbo ìdíje náà, Mushin ló ti wá. Ẹgbẹ́ kan ló wà fún un níbẹ̀, FC Robo, tí ń kó ọmọbìnrin jọ. Asisat Oshoala ti Ìkòròdú, tó gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, FC Robo yìí kan náà ló gbà kọjá. Òun náà ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ rárá. Ohun tí Mushin ní tí kò sí ní Bẹyẹrúnkà, ilẹ̀ kọ́. Ẹni tó ń dúró de ọmọ ní agogo mẹ́rin ni, tí ìyá ọmọ mọ̀, tí ìyá sì lè fọkàn tán.

Ti Ìbàdàn, pápá sá kúrò ní àárín ìlú ni. Ìbàdàn Grammar School tó bẹ̀rẹ̀ ní Aláfárá ní 1913 ti kó lọ sí Mọ̀lété tipẹ́. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tó wà ní Kúdẹtì láti 1899, ó ti di ara St Anne's, Mọ̀lété náà ló wà. Wọ́n lọ síbi tí ilẹ̀ wà, kò sí ẹni tó lè bá wọn jà. Pápá ìṣeré Lekan Salami wà ní Adámásingbà, ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè fẹsẹ̀ rìn ín láti Bẹyẹrúnkà, ṣùgbọ́n ti àwọn Ṣóòtìn ni, ọmọ ọdún 12 kò lè ṣàdédé wọ ibẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ń dárúkọ ẹgbẹ́ obìnrin, Port Harcourt ní Rivers Angels, Calabar ní Pelican Stars, Àkúrẹ́ ní Sunshine Queens, Òṣogbo ní Osun Babes. Ìbàdàn tó tóbi ju púpọ̀ nínú wọn lọ, orúkọ wo ló máa kọ́kọ́ wá sí ẹnu?

Ohun tó kù láàárín ìlú ni àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wà káàkiri. Àgbàlá wọn kò tóbi púpọ̀, wọn kò ní koríko, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́jú ju àlàfo àárín ilé mẹ́ta lọ, gọ́tà kò sì gba àárín wọn kọjá. Tí àwọn ọmọ bá ti jáde lọ́sàn-án, kò sí ohun tó tún ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò gba owó ńlá láti fi irú ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin ní ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀, wákàtí méjì. Ọ̀gá ilé ìwé tó gbà, mẹ́gáàdì tó ní kọ́kọ́rọ́, olùkọ́bìnrin kan tó máa jókòó síbẹ̀ kí ọkàn àwọn ìyá lè balẹ̀, àti bọ́ọ̀lù mẹ́ta. Kí wọ́n sì lọ bá Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀, kí wọ́n mú ọjọ́ tí ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ le, nítorí bí wọ́n bá mú ọjọ́ tó le jù, kò sí ìyá tó máa jẹ́ kí ọmọ wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ìjọba ti ń bà jẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ra jẹ́sì, wọ́n á ra bàtà, wọ́n á pe oníròyìn, wọn kò ní í bi ìyá elélùbọ́ ní ọjọ́ tó rọrùn fún un.

Bí ilé ìwé kan bá wà ní Mápó, ní Bẹẹrẹ, l'Ọ́jà'ba tàbí ní Bẹyẹrúnkà tó ti ń ṣí géètì rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin lẹ́yìn agogo mẹ́rin, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ̀wé, kó sọ ọjọ́ àti agogo tí wọ́n ń lò, kí ìyá mìíràn lè mọ ibi tó máa rán ọmọ rẹ̀ lọ. Ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tó bá sì ní ìdí tí géètì tirẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà ní títì, kí òun náà kọ tirẹ̀.